Ọdún Iná Nínú Yìnyín

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ẹni tó bá ní Abíọ́nà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, irọ́ gbuu ló pa. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣọ́ kóòdù-rúùmù Ìyá Tẹ́ní ní Ìsọlọ̀, páálí ẹja kan ṣoṣo kò sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ẹja tí ẹlòmíì bá tọ́jú, kó tó pé oṣù kan á ti gbẹ, á ti le gbagidi bí igi ìdáná. Ti Abíọ́nà kì í rí bẹ́ẹ̀. Títù tó bá lo oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé àná ló jáde nínú òkun. Àwọn tó ń ra ẹja láti Òkè-Àfà títí dé Àpákún mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní, "Ti Abíọ́nà la fẹ́ o, ẹ má fún wa ní ìyókù."

Àṣírí rẹ̀ kò ju omi lọ. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ nínú kóòdù-rúùmù ló máa ń fa omi ara ẹja gbẹ. Abíọ́nà á po omi àti yìnyín pọ̀ nínú báfù ńlá, á ri ẹja dídì náà bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á yọ ọ́ kíá. Omi yẹn á dì mọ́ ẹja lára, á bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, atẹ́gùn ò sì ní rí i fà mọ́. Gbogbo àwọn oníkóòdù-rúùmù ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọ̀lẹ ò jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ni Dókítà Oyinkán já wọ ọgbà wọn, mọ́tò akẹ́rù kan tẹ̀ lé e láti pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ Èkìtì ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó ń kọ́ni ní yunifásítì kan, lọ́jọ́ yẹn sì rèé, ojú rẹ̀ ti pọ́n koko. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Yìnyín ni iṣẹ́ tirẹ̀.

"Yìnyín kẹ̀?" ni Ìyá Tẹ́ní wí. Obìnrin yìí ló ni kóòdù-rúùmù, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. "Yìnyín wo ni wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé wá sí Èkó? Ṣé èyí tí à ń rí níbí ò dára ni?"

"Yìnyín orí òkè ni, Mọ́mì. Òkè gíga kan lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Lọ́dọọdún ni yìnyín máa ń bọ́ sórí rẹ̀, kì í yọ́, tọdún tó ń bọ̀ á tún bọ́ lé e, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ la fi lu ú, la fi yọ ọ́ jáde ní ọ̀pá-ọ̀pá." Ó ṣí àpótí kan. Ọ̀pá yìnyín náà gùn tó apá ènìyàn, ó nípọn tó ojúgun, wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. "Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele tiẹ̀ níbí. Òjò ọdún náà, eruku rẹ̀, èéfín rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, a ó mọ ọdún tí ọ̀dá dá, a ó mọ ọdún tí òjò pọ̀, kódà kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá wa."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò gbé e lọ síléèwé yín?"

"Fírísà wa ló kú láàárọ̀ yìí, Mà. Inú mi ò dùn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, igun kan péré, oṣù kan péré."

Ìyá Tẹ́ní yínmú sí i. "Tó bá yọ́ ńkọ́? Ẹ ò kàn ní padà lọ bu òmíràn?"

"Kò sí òmíràn mọ́." Ohùn Dókítà já. "Orí òkè náà ti ṣófo. Ibi tí a ti gbẹ́ èyí, òkúta lásán ló kù síbẹ̀ báyìí. Ọ̀pá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yìí ló ṣẹ́kù láyé."

Ìyá Tẹ́ní pòṣé, ó ní ayé ti dorí kodò, pé òun tí òun ń ta ẹja ni wọ́n tún fẹ́ kóun máa ṣọ́ omi dídì. Àmọ́ ó gbà. Abíọ́nà ló kó wọn wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Dókítà ń tẹ̀ lé e, ó ń tò ó fún un pé kó má jẹ́ kó yọ́, kó má fi ọwọ́ lásán kàn án, kó má da nọ́ńbà wọn rú. Fóònù ń dún lápò rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè níta, ó ti ń padà sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bọ̀ọ̀dá Abíọ́nà, bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹja yín gan-an ni kí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ní kò sí irú yín."

Orí Abíọ́nà wú. Ta ni orí rẹ̀ ò ní wú?

Wàyí o, nǹkan kan wà tí Abíọ́nà ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ìyàwó tó fẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ìlú wọn wà lápá Oǹdó, àgbẹ̀ kòkó sì ni bàbá rẹ̀, Ọláyanjú. Lọ́dún 1983, òjò kọ̀, ewé igbó gbẹ rau-rau. Lọ́jọ́ kan Ọláyanjú sun pàǹtí díẹ̀ lóko iṣu, ó ní kí Abíọ́nà dúró ti iná náà títí tí yóò fi kú pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Abíọ́nà nígbà yẹn. Ó dúró díẹ̀, ó bu omi kèrègbè kan dà sí i, ó bá sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o da omi sí i?" Ó ní, "Mo da omi sí i, Bàbá." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, iná ti jẹ gbogbo oko kòkó ìlú náà run, láti etí odò títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ènìyàn méjì ló kú sínú rẹ̀.

Wọ́n ní Ọláyanjú ló fà á. Ó ní kì í ṣe iná tòun, pé ọ̀dá ni, pé iná ti ń jó káàkiri ilẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ó lè ti ibikíbi wá. Ta ló ń gbọ́? Wọ́n sọ ọ́ ní Adánásóko, wọ́n lé e nílùú. Bàbá náà kó ẹrù rẹ̀, ó mú Abíọ́nà dání, wọ́n wá sí Òṣòdì, ó ń ru ẹrù kiri níbẹ̀ títí ó fi kú. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún wọn rí. Kò sì tún bi í léèrè omi mọ́ láyé. Morọ́lá, ẹ̀gbọ́n Abíọ́nà, ti lọ́kọ nílùú nígbà yẹn, òun ló kù síbẹ̀ tó ń jẹ ìyà rẹ̀. Títí dòní, tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, "ọmọ Adánásóko" ni wọ́n máa fi bú u. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bẹ Ọlọ́run fún: kó gbọ́ kó tó kú pé kì í ṣe bàbá àwọn.

Nítorí náà, nígbà tí Dókítà padà wá wo ẹrù rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, Abíọ́nà tẹ̀ lé e wọnú òtútù, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Ọdún 1983, ṣé ó wà nínú ẹ̀?"

Obìnrin náà wò ó. "Ó yẹ kó wà níbẹ̀. Kí ló dé?"

Ó sọ ti bàbá rẹ̀ fún un. Ti ara rẹ̀, kò sọ ọ́.

Dókítà ronú díẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní tàn yín. Yìnyín ò lè dárúkọ ẹni tó ṣáná. Àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń gbé eruku àti èéfín rìn jìnnà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ ló ń jó lọ́dún yẹn, ó yẹ kí ojú ẹ̀ hàn níbí. Ìyẹn ni mo lè bá yín wò." Ó mú ọ̀pá kẹsàn-án, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn. Ìlà kan fara hàn nínú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tii tí wọ́n fi wàrà díẹ̀ sí. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyí. Mi ò tíì lè búra o, ó dìgbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò."

Abíọ́nà, àgbà ọkùnrin, omi bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Bó ṣe jáde báyìí, Morọ́lá ló kọ́kọ́ pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì kú o. Wọ́n ti rí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rí ọdún yẹn wà lọ́wọ́ mi níbí, inú yìnyín ló wà." Ìyá àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ikọ́ fi gbé e.

Ọjọ́ kẹta ìyẹn ni Dókítà lọ sókè òkun, ó lọ wá ẹ̀yà ara fírísà wọn. Ó ní tóun bá ti dé ọ̀hún, fóònù òun lè má lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí tírànsífọ́mà àdúgbò fi bú gbàmù.

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ Ìyá Tẹ́ní ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó kọṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ wá wo Abíọ́nà! Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí gbogbo etí ilẹ̀kùn, ó lé ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ó sáré lọ bẹ àwọn tó ń ṣe yìnyín bulọ́ọ̀kù, ó kó o yí àwọn ọ̀pá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà ká bí ẹni mọ odi. Ẹja rọ̀, ẹja ń rùn. Ìyá Tẹ́ní gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Abíọ́nà, ìwọ ọkùnrin yìí, ẹja mi lò ń jẹ́ kó jẹrà torí omi ọlọ́mi?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún mọ́kàndínlógún, ó jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Nígbà tí iná dé, kò sí èyí tó yọ́ nínú ọ̀pá náà. Ẹyọ kan kò yọ́!

Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni. Olúwa mi, ká ní ó dúró níbẹ̀!

Àmọ́ torí pé ibẹ̀ ti gbóná, fáànù ń fẹ́ tọ̀sán-tòru láti mú un tutù padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Abíọ́nà rí i pé àwọn bulọ́ọ̀kù tó kó yí wọn ká ti ya ọ̀rá tó wà lára àwọn ọ̀pá náà, atẹ́gùn sì ń wọlé. Orí yìnyín náà ti funfun, ó ti ń rí ṣákaṣàka, ó ti ń súnkì. Ó gbé ìkẹsàn-án sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà tó dà bíi tii náà ti sún mọ́ etí, bí ìka ọwọ́ kan péré ló kù kó hàn síta. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ ọdún yẹn lọ ńkọ́? Kí ló fẹ́ sọ fún Morọ́lá?

Ó pe Dókítà. Kò lọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀meje lọ́jọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì. Kò lọ. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi sílẹ̀ ló ń dún létí rẹ̀: bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹja yín gan-an.

Ẹ má bú u o. Ó fi ọṣẹ fọ báfù lẹ́ẹ̀mẹta. Omi bọ̀hóòlù tó wà lẹ́yìnkùlé ló fà, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì torí omi Ìsọlọ̀ máa ń pọ́n díẹ̀. Ó da yìnyín sí i kó lè tutù. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó wá ń mú ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èkíní, ó ń ri ín bọmi, ó ń yọ ọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti kan omi, á dún nínú: pà, pà-pà, pà. Abíọ́nà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bí yìnyín tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń mí nìyẹn. Nígbà tó máa fi ṣe tán, gbogbo wọn ń dán bíi gíláàsì. Ó fi ọ̀rá tuntun dì wọ́n, ó kọ nọ́ńbà wọn padà, kò da ẹyọ kan rú. Ó fi ọwọ́ ra ìkẹsàn-án lórí kó tó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni Dókítà dé, pẹ̀lú mọ́tò tó ní fírísà nínú. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó gbé páálí tii kan fún Ìyá Tẹ́ní láti òkè òkun, ó sì gbá Abíọ́nà mọ́ra nígbà tó gbọ́ bó ṣe jìjàdù láwọn ọjọ́ tí iná ò sí. Wọ́n jọ wọlé. Ó ṣí ọ̀rá èkíní, ó dúró. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí ìkẹsàn-án.

"Bọ̀ọ̀dá." Ohùn rẹ̀ rọra jáde. "Kí lẹ fi ṣe é tó fi ń dán báyìí?"

"Omi ni, Dókítà!" Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ṣàlàyé. "Atẹ́gùn ti fẹ́ máa jẹ ẹ́. Mo pè yín títí. Mo bá ṣe é bí a ṣe ń ṣe ẹja, mo ri gbogbo ẹ̀ bọmi. Ẹyọ kan ò sọnù!"

Dókítà jókòó sórí páálí ẹja kòtè. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara ìkẹsàn-án, ó ń họ ọ́, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó tún ń họ ọ́. Abíọ́nà náà wá rí i wàyí. Yìnyín náà ti sán láti etí dé àárín, bí abọ́ tó fẹ́ fọ́, gbogbo ojú ibi tó sán sì ni omi ti wọ̀, tó ti dì síbẹ̀.

"Yìnyín yìí tutù ju omi yín lọ fíìfíì," ni Dókítà wí. "Bó ṣe kan omi ló sán. Omi ti wọ inú gbogbo ẹ̀. Tí mo bá gbé e lọ fún àyẹ̀wò báyìí, omi Ìsọlọ̀ ni wọ́n máa bá nínú ẹ̀. Nínú gbogbo ọdún, láti òkè délẹ̀."

"Ṣé kò ṣeé fọ̀ kúrò ni?"

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é bí ẹja. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, torí pé mò ń kánjú." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ọdún mẹ́fà, Bọ̀ọ̀dá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá a."

Abíọ́nà tiẹ̀ tijú láti béèrè, àmọ́ ó béèrè náà. "Ọdún tèmi ńkọ́?"

Dókítà mi orí.

Márùn-ún péré ló kó lọ, àwọn tó wá láti ìsàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n le jù lọ, bóyá wọ́n á rí nǹkan díẹ̀ yọ láàárín wọn. Ìyẹn jẹ́ ti ayé àwọn baba ńlá. Ọdún 1983 kò sí níbẹ̀. Ó fi ìyókù sílẹ̀, ó wọ mọ́tò, kò sì bojú wẹ̀yìn. Mọ́tò náà ò tíì pẹ́ tó lọ tí Ìyá Tẹ́ní fi yọjú. "Abíọ́nà, pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ẹja mi ń dé ní aago mẹ́rin. Bá mi kó nǹkan yẹn kúrò."

Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn síta, ó dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n. Ìkẹsàn-án nìkan ló gbé sínú abọ́ funfun kan, ó gbé e síwájú ara rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ bọ̀hóòlù, ó jókòó sórí gálọ́ọ̀nù. Yìnyín náà ń dún pẹ́pẹ́pẹ́, afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń jáde, kò sì sẹ́ni tó ń kà á. Ó súnkì. Ó yọ́. Nígbà tó yá, omi ló kù, omi náà sì fara balẹ̀ dáadáa.

Eruku díẹ̀ wà nísàlẹ̀ abọ́ náà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó wá wo sìmẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, níbi tí omi bọ̀hóòlù ti ń kán sí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọ̀ kan náà ni. Bóyá èéfín ọdún yẹn ló wà nínú abọ́, bóyá ìpẹtà omi Ìsọlọ̀ ni, kò sí ẹni tó máa lè sọ ọ́ fún un mọ́ láyé yìí.

Fóònù dún. Morọ́lá ni. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Abíọ́nà, wọ́n ní òní ni dókítà yín máa dé. Mo ti ní kí àwọn ọmọ gbé mi jókòó. Kí ni yìnyín náà wí?"

Abíọ́nà tún wo abọ́ náà.

"Mo da omi sí i, ẹ̀gbọ́n mi."

"Omi kẹ̀? Omi wo? Abíọ́nà, kí lo da omi sí?"

Abíọ́nà gbé fóònù sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sì ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ títí tí fóònù fi dákẹ́.